Típà àti tírélà tó ń gbá afárá ní Àbújá: báwo la ṣe lè dá a dúró?

Bàbá Ṣèyí (Kubwa)

Ẹ̀yin ará, ẹ kú déédéé ìwòyí o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, típà kan já iyanrìn tán, kò sọ bọ́dì rẹ̀ kalẹ̀ kó tó wọ márosẹ̀. Ẹnu bọ́dì yẹn ló lọ gbá ikùn afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí gbogbo àdúgbò wa ń gùn. Kọnkéré ibẹ̀ fọ́, irin inú rẹ̀ yọ síta, ọwọ́ irin tí èèyàn ń dì mú lókè sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọlọ́run ló yọ wá, kò sẹ́nìkan lórí rẹ̀ lásìkò náà. Wọ́n wọ́ típà lọ, wọ́n ta okùn pupa àti funfun sẹ́nu àtẹ̀gùn méjèèjì, ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ní báyìí, àwọn ọmọ iléèwé ń sáré gba àárín ọkọ̀ kọjá.

Mi ò fẹ́ ká kàn bú dírẹ́bà ká sì gbàgbé. Kí ló ń fà á gan-an, kí la sì lè ṣe tí kò fi ní ṣẹlẹ̀ mọ́? Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ọkọ̀, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ọ̀nà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí i.

Màmá Bọ́lá (Dei-Dei)

Bàbá Ṣèyí, ẹ kú àfiyèsí. Èmi náà ń gun irú afárá bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá gbá a tán. Ta ló ń wá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì lè gbé èèyàn? Kò ní ju ọjọ́ kejì lọ tí ẹnìkan á ti tú okùn yẹn, gbogbo wa á tún máa gun orí rẹ̀ lọ. Ta la lè pè?

Káyọ̀dé_Lugbe

Màmá, 122 ni nọ́ńbà Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, 112 ni ti pàjáwìrì gbogbogbò. Tí ẹ bá pè, ẹ là á mọ́lẹ̀ pé ọkọ̀ gbá afárá. Tí ẹ bá ní jàǹbá ọkọ̀ nìkan, ọkọ̀ ni wọ́n á wá gbé, kò sẹ́ni tó máa gbójú sókè.

Ọlọ́nà Jíjìn

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ Ìlọrin ni mí, tírélà ni mò ń wà, Kánò sí Èkó. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí láti ibi tí wọ́n ti ń di ẹrù.

Ìwé ẹrù tí wọ́n ń fún wa, wọ́n á kọ iye àpò sí i, wọ́n á kọ nọ́ńbà ọkọ̀ àti orúkọ oníbàárà. Kò síbi tí wọ́n ń kọ gíga ẹrù sí. Ẹ̀ṣọ́ tó bá dá wa dúró lọ́nà, ìwé ọkọ̀, taya àti iná ló máa bi wá. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ dírẹ́bà ló ń wakọ̀ láti Kánò dé Mile 12 láìmọ bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe ga tó. Ojú ló fi ń wọ̀n ọ́n, ojú sì ń tan èèyàn jẹ, pàápàá lóru.

Ẹrù wíwúwo kọ́ ló ń fa wàhálà yìí. Àgbàdo àti ẹ̀wà, ọkọ̀ á ti kígbe kó tó ga jù. Ẹrù fífúyẹ́ ni kẹ́ ẹ ṣọ́: fóòmù, kẹ́ẹ̀gì òfìfo, ike, àti harawa tí wọ́n fi ń bọ́ ẹran. Alábàárù tó ń tò ó kò fẹ́ kí àyè kankan ṣòfò, oníbàárà náà kò fẹ́. Wọ́n á tò ó kọjá orí bọ́dì dáadáa, wọ́n á ta tàpólì lé e, wọ́n á fokùn dì í. Nígbà míì, èèyàn á tún gun orí rẹ̀ jókòó, torí owó ọkọ̀ orí ẹrù kéré sí ti bọ́ọ̀sì. Ẹ fojú inú wo ẹni tó sùn lórí tàpólì láago méjì òru, tí ọkọ̀ ń gba abẹ́ afárá kọjá. Ẹrù lè má kan afárá rárá, kí ẹni yẹn jókòó dìde lójú oorun, kó sì kú.

Bí èmi ṣe ń ṣe tèmi nìyí. Ọ̀pá oparun kan wà lára ọkọ̀ mi, mo fi ọ̀dà pupa sàmì mítà 4, 4.2 àti 4.5 sí i. Kí n tó kúrò ní Dáwánàu, ọjà ọkà ní Kánò, ọmọ ọkọ̀ á gbé ọ̀pá náà dúró níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, ẹnìkan á wà lórí ẹrù, á na pákó tẹ́ẹ́rẹ́ láti ibi tó ga jù wá kan ọ̀pá. Ibi tí pákó bá kàn ni gíga wa. Mo máa fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sórí dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú mi. Tí oníbàárà bá ní kí n gbé ohun tó ju àmì òkè lọ, mi ò gbé e.

Bàbá Ṣèyí (Kubwa)

Ọmọ mi, o ṣeun gan-an. Ọ̀pá yẹn wọ̀ mí lọ́kàn. Ṣé àwọn onígaráàjì kò lè mú un ní dandan fún gbogbo ọkọ̀ kó tó jáde ni?

Ọlọ́nà Jíjìn

Wọ́n lè ṣe é, bàbá. Tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń já fún wa lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ọjọ́, ẹni tó ń já a ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ná. Kí wọ́n ri òpó méjì mọ́lẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n ta okùn sáàárín rẹ̀ ní ìwọ̀n tí afárá tó kéré jù lọ́nà yẹn gbà. Ọkọ̀ tí orí rẹ̀ bá kan okùn, kó padà lọ tún ẹrù tò.

Ẹnjiníà Gwarinpa

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀nà àti afárá ni iṣẹ́ mi. Ohun tí Ọlọ́nà Jíjìn sọ ni orí ọ̀rọ̀: ẹni tí kò mọ gíga ọkọ̀ rẹ̀, àmì tó wà lára afárá kò wúlò fún un. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kò fi ìwọ̀n kan ṣoṣo dé gíga ọkọ̀ ẹrù, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó bá ga ju mítà 3 lọ gbọ́dọ̀ ní gíga rẹ̀ ní kíkọ síwájú dírẹ́bà, kí lẹ́tà rẹ̀ sì tó mìlímítà 40 ó kéré tán. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, mítà 4 ni òpin gíga ọkọ̀.

Ẹ wá wo kọ̀nténà. Oríṣi méjì ló ń rìn lọ́nà wa. Ti àtijọ́ ga ní mítà 2.59. Èyí tí wọ́n ń pè ní high cube ga ní mítà 2.90. Téèyàn bá dúró lókèèrè, kò ní tètè mọ ìyàtọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ó lé ní 30 sẹ̀ǹtímítà. Tí pẹpẹ tírélà bá ga ní mítà 1.4 sílẹ̀, ọkọ̀ tó gbé ti àkọ́kọ́ á jẹ́ nǹkan bíi mítà 4, èyí tó gbé ìkejì á jẹ́ 4.3. Dírẹ́bà kan náà, orí ọkọ̀ kan náà, afárá kan náà: lánàá ó kọjá, lónìí ó há.

Afárá náà kì í dúró bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Kò rẹlẹ̀ o, ilẹ̀ ló ń ga bá a. Tí wọ́n bá da ọ̀dà tuntun tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5 sórí títì, tí wọn kò kọ́kọ́ ha ti àtijọ́ kúrò, sẹ̀ǹtímítà 5 ti lọ nínú àlàfo abẹ́ afárá. Tí wọ́n bá ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, 10 ti lọ. Nọ́ńbà tó wà lára bọ́ọ̀dù kò yí padà, àyàfi tí ẹnìkan bá tún lọ wọ̀n ọ́n. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n máa ń yọ ínṣì 3 ó kéré tán kúrò nínú ohun tí wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó kọ ọ́ sára àmì, torí irú nǹkan báyìí.

Ohun méjì míì wà táwọn èèyàn kì í ronú kàn. Ibi tí títì bá tẹ̀ lábẹ́ afárá bí inú abọ́, taya iwájú tírélà á wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, tẹ̀yìn á wà ní ìkejì, àárín ọkọ̀ á wá ga ju ìwọ̀n tí ẹ wọ̀n lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú lọ. Ìkejì ni ti kọ̀nténà òfìfo. Ẹrù inú kọ̀nténà máa ń tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Tí wọ́n bá kó ẹrù náà kúrò tán, sípíríǹgì á gbé ọkọ̀ padà sókè. Ọkọ̀ tó fi díẹ̀ kọjá nígbà àlọ lè gbá afárá kan náà nígbà àbọ̀.

Musibau_Mararaba

Ẹnjiníà, kí ló dé tí wọn kì í kọ ìwọ̀n sára àwọn afárá ẹlẹ́sẹ̀ wa? Ọ̀pọ̀ èyí tí mò ń kọjá lábẹ́ rẹ̀, páálí ìpolówó ló wà lára rẹ̀, kò sí nọ́ńbà.

Ẹnjiníà Gwarinpa

Ó yẹ kó wà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi kún un: àmì tó wà lára afárá nìkan ti pẹ́ jù. Ọkọ̀ tó ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan ń jẹ nǹkan bíi mítà 17 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Kí dírẹ́bà tó ka nọ́ńbà, kó tó rò ó, kó tó tẹ bíréèkì, ó ti wà lábẹ́ afárá. Ká tiẹ̀ ní ó dúró, níbo ló fẹ́ yà sí ní márosẹ̀ Kubwa pẹ̀lú ọkọ̀ tó tò sẹ́yìn rẹ̀? Ṣáájú ibi tí èèyàn ti lè yà kúrò lọ́nà ni kí àmì àkọ́kọ́ wà. Lẹ́yìn náà la tún lè fi òmíràn sára afárá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Zaria

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn afárá kan ní Amẹ́ríkà tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Ìlú Durham ló wà, ní North Carolina. Ọkọ̀ ojú irin ló ń gba orí rẹ̀, mọ́tò ń gba abẹ́ rẹ̀. Àlàfo abẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 11 àti ínṣì 8, ìyẹn mítà 3.56 péré. Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí gbé kámẹ́rà sí i ní 2008, ó sì ń fi fídíò àwọn ọkọ̀ tó ń gbá a hàn fún gbogbo ayé.

Kì í ṣe pé wọn kò gbìyànjú. Wọ́n fi àmì síbi púpọ̀ ṣáájú afárá. Ní 2016, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń mọ ọkọ̀ tó ga jù síbẹ̀: tí ọkọ̀ bá ti kọjá ìwọ̀n, iná títì á di pupa, bọ́ọ̀dù á tàn pé kó yà. Síbẹ̀, àwọn kan ń gbá a. Ọ̀pọ̀ wọn ló yá ọkọ̀ láti fi kó ẹrù ilé, mọ́tò kékeré ni wọ́n ń wà lójoojúmọ́, wọn kò mọ̀ pé nǹkan kan wà lókè orí wọn. Wọn kò lè wa títì sísàlẹ̀ torí páìpù ìdọ̀tí ńlá tó gba abẹ́ ibẹ̀. Nígbà tó di October 2019, wọ́n gbé afárá náà sókè ní ínṣì 8, ó di ẹsẹ̀ bàtà 12 àti ínṣì 4. Wọ́n ṣì gbá a lẹ́yìn ìyẹn.

Iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin fi irin ńlá kan síwájú afárá yẹn. Irin náà ló ń gba ìgbá, afárá fúnra rẹ̀ kì í fara gbá nǹkan kan. Ṣé kò sẹ́ni tó lè ṣe irú rẹ̀ fún àwọn afárá ẹlẹ́sẹ̀ wa?

Alhaji Àkànní (Kàdúná)

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn. Ká ri òpó irin ńlá méjì mọ́lẹ̀ ní iwájú afárá kọ̀ọ̀kan, ká fi irin nínípọn dábùú rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́rọ̀, irin á dá a dúró. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀dù ti sú mi.

Ọlọ́nà Jíjìn

Alhaji, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, ṣùgbọ́n irin tí kì í mì lójú márosẹ̀ máa pa èèyàn. Àwọn tó jókòó lórí ẹrù ńkọ́? Bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ lẹ́yìn típà tó dúró lójijì ńkọ́? Ẹ máa gba afárá là, ẹ máa sin òkú.

Alhaji Àkànní (Kàdúná)

Kí afárá wá já lé ọmọ iléèwé lórí ló dára? Èèyàn wà lókè níbẹ̀ náà.

Ẹnjiníà Gwarinpa

Òdodo wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì. Ibi tí a bá gbé e sí àti ohun tí a bá fi ṣe é ló ṣe kókó.

Irin tó le yẹ ní ọ̀nà àdúgbò, níbi tí ọkọ̀ kì í ti sáré, bí ibi tí títì kékeré bá gba abẹ́ irin ọkọ̀ ojú irin kọjá. Láti ìgbà tí irin Àbújá sí Kàdúná ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016, tí ti inú Àbújá náà sì tún bẹ̀rẹ̀ padà ní 2024, ó yẹ ká ka irú ibẹ̀ sí. Tí ọkọ̀ bá gbá afárá níbẹ̀, tó sì sún irin reluwé kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ díẹ̀ báyìí, reluwé tó ń bọ̀ pẹ̀lú èrò wà nínú ewu.

Ní márosẹ̀, ohun tó ń fì ló dára. A ri òpó mọ́lẹ̀, a ta irin lókè pátápátá níbi tí ọkọ̀ kankan kò lè dé, a wá fi ṣéènì so páìpù rọ̀ láti ibẹ̀ títí dé ìwọ̀n tí afárá gbà. Ọkọ̀ tó bá ga jù, páìpù á gbá orí rẹ̀ pẹ̀lú ariwo, á fì sẹ́yìn, kò ní dá a dúró lójijì. Kí ó wà jìnnà sí afárá, ṣáájú ibi tí wọ́n ti lè yà, kí àyè sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà fún ọkọ̀ náà láti dúró. Kò ní le fún ẹni tó jókòó lórí ẹrù tó irin dídúró, ṣùgbọ́n ó ṣì lè ṣe é léṣe. Nítorí náà, kí a fòpin sí gbígbé èèyàn sórí ẹrù. Mi ò rí ọ̀nà míì lórí ìyẹn.

Musibau_Mararaba

Ẹ fi páìpù ike ṣe é, ẹ má fi irin ṣe é. Tó bá jẹ́ irin, àwọn tó ń ṣa irin á ti tú u tà fún oníwọ̀n kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti tú ìdérí gọ́tà lọ.

Káyọ̀dé_Lugbe

Ní Sydney ní Ọsirélíà, omi ni wọ́n ń lò lẹ́nu ihò abẹ́ omi kan. Tí ọkọ̀ tó ga jù bá ń bọ̀, omi á dà sílẹ̀ bí aṣọ títa lójú ọ̀nà, wọ́n á fi iná kọ STOP gàdàgbà sára omi náà. Omi kì í ṣe ọkọ̀ léṣe, dírẹ́bà kò sì lè sọ pé òun kò rí i.

Alhaji Àkànní (Kàdúná)

Ó dára fún wọn. Níbí, iná àti omi náà la ṣì ń wá. Mo gbà fún Ẹnjiníà lórí páìpù tó ń fì.

Bùsáyọ̀ (Nyanya)

Ẹ má gbàgbé Ojúẹlẹ́gba o. January 2023, kọ̀nténà já lé bọ́ọ̀sì lórí, èèyàn 9 kú. Ṣé páìpù yìí á dènà ìyẹn náà?

Ọlọ́nà Jíjìn

Àǹtí, ìyẹn yàtọ̀. Kọ̀nténà ló já kúrò lórí ọkọ̀, kò gbá afárá. Lọ́ọ̀kì mẹ́rin ló wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tírélà tó yẹ kí wọ́n fi ti kọ̀nténà mọ́ pẹpẹ. Tí lọ́ọ̀kì yẹn bá ti bàjẹ́ tàbí tí wọn kò tì í, ó lè já níbikíbi. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, ó yẹ kó ní ojú ewé tirẹ̀.

Riwáyà_Apo

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Gbogbo ẹ ń sọ̀rọ̀ kọ̀nténà àti afárá, ṣùgbọ́n típà ni Bàbá Ṣèyí mú wá. Típà kò nílò ọ̀pá oparun. Bó ṣe ga nígbà tí bọ́dì bá wà nílẹ̀, abẹ́ gbogbo afárá tó wà níbí ló gbà á. Bọ́dì tó wà lókè ni ẹjọ́ rẹ̀.

Mo ti tún ọ̀pọ̀ típà tó ń kó òkúta láti Mpape ṣe. Ohun mẹ́ta ló ń gbé bọ́dì rìn. Àkọ́kọ́, dírẹ́bà ń kánjú lọ gbé tirípù míì, ó ti ṣí gíà kí bọ́dì tó délẹ̀. Ìkejì, ó mọ̀ọ́mọ̀ gbé e sókè díẹ̀ kó lè gbọn iyanrìn tútù tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ dànù bó ṣe ń lọ. Ìkẹta ló burú jù: kò yọ gíà tó ń fa páńpù jáákì sílẹ̀, páńpù ń ṣiṣẹ́ lọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́, bọ́dì á máa dìde díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Inú káàbù ló wà, ẹ̀yìn rẹ̀ kọ́ ló ń wò. Kò ní mọ̀ títí tí yóò fi gbọ́ gbàù.

Oògùn rẹ̀ kò le. Súìṣì irú èyí tó ń tan iná bíréèkì, a máa so ọ́ mọ́ ṣáàsì níbi tí bọ́dì ń sùn lé. Tí bọ́dì bá sùn lé e dáadáa, ó tẹ̀ ẹ́, iná kú. Gẹ́rẹ́ tí bọ́dì bá gbéra, súìṣì á yọ, iná pupa á tàn lójú dírẹ́bà, bọ́sà á máa ké nínú káàbù. A lè so ó mọ́ gíà pẹ̀lú, kí ó má ké níbi tó ti ń já ẹrù, kó jẹ́ ìgbà tí ọkọ̀ bá ti ń rìn síwájú ló máa ké. Wáyà, súìṣì, gílóòbù kékeré àti bọ́sà, ó tán. Kò sí páàtì kankan nínú rẹ̀ tí a kò ní rí rà ní Apo. Bọ́dì típà máa ń kún fún iyanrìn àti ẹrẹ̀, nítorí náà kí wọ́n fi rọ́bà bo súìṣì yẹn, kí wọ́n sì máa nù ún. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, á há, á máa purọ́ pé bọ́dì wà nílẹ̀.

Ẹnjiníà Gwarinpa

Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Èyí ló yẹ kí àwọn VIO, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, máa yẹ̀ wò nígbà tí típà bá wá gba ìwé pé ọkọ̀ rẹ̀ dára: kí wọ́n ní kó gbé bọ́dì, kí wọ́n gbọ́ bóyá ó ké. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ọlọ́nà Jíjìn

Tí bọ́sà bá ń ké, dírẹ́bà míì á já wáyà rẹ̀. Mo mọ àwọn èèyàn mi.

Riwáyà_Apo

Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó má ké níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù. Ohun tó ń ké láìnídìí ni wọ́n máa ń já. Kí ẹni tó ni ọkọ̀ sì dá sí i: owó rẹ̀ ni wọ́n fi ń tún bọ́dì ṣe, òun ni wọ́n ń mú.

Bàbá Ṣèyí (Kubwa)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, ojú mi ti là. Èmi àti àwọn ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa máa kọ lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ Àbújá, ẹ̀dà kan á lọ sọ́dọ̀ FERMA, àjọ tó ń tún ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ṣe, ọ̀kan á lọ sọ́dọ̀ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó. Ohun tí a máa béèrè nìyí: kí ẹnjiníà wá yẹ afárá tó fara pa wò kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún mọ́, kí wọ́n wọn àlàfo abẹ́ gbogbo afárá tó wà lójú ọ̀nà wa, kí wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀ àti ṣáájú ibi tí ọkọ̀ ti lè yà, kí wọ́n fi páìpù tó ń fì sí ibi tí típà ti ń wọ márosẹ̀, kí bọ́sà sì di dandan kí típà tó rí ìwé gbà. Ẹnjiníà, ṣé ẹ lè bá wa ka lẹ́tà náà kó tó jáde?

Ẹnjiníà Gwarinpa

Tayọ̀tayọ̀, bàbá. Ẹ fi í ránṣẹ́ sí mi. Ẹ fi kún un pé tí wọ́n bá ti da ọ̀dà tuntun sí títì, kí wọ́n tún un wọ̀n, kó tó di pé wọ́n ṣí ọ̀nà. Tí wọ́n bá sì fẹ́ wọ̀n ọ́n, kí wọ́n wọn ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí títì máa ń ga láàárín, ó sì ń rẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibi tó kéré jù ni kí wọ́n kọ.

Màmá Bọ́lá (Dei-Dei)

Bàbá Ṣèyí, ẹ bá mi fi èyí kún lẹ́tà náà. Nígbà tí ẹnjiníà bá yẹ afárá wò tán, kí wọ́n kọ ọjọ́ tó yẹ̀ ẹ́ wò àti ohun tó rí sórí páálí, ní Yorùbá, ní Haúsá, ní Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n kàn án mọ́ ẹnu àtẹ̀gùn méjèèjì. Títí tí wọ́n á fi ṣe é, kí wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀ láàárọ̀ àti ní ìgbà tí iléèwé bá jáde, kó máa dá ọkọ̀ dúró fún àwọn ọmọ.